Ìbọn Tó Ń Jẹ Oríṣi Ọta Méjì

Ọkọ mi fẹ́ràn ohunkóhun tó bá lè ṣe iṣẹ́ méjì. Àga tó ń di ibùsùn, agbòòrùn tó ń di ọ̀pá ìtilẹ̀. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu nígbà tó gba ìwé àṣẹ tán, tó gbé ìbọn ìléwọ́ kan wá sílé wa ní Queens Village lókè òkun, tó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, wò ó. Ìbọn kan ni, àmọ́ oríṣi ọta méjì ló ń jẹ."

Ó ṣí àpótí pákó rẹ̀. Àgbá kékeré oníhò mẹ́fà tí ọta ń gbé inú rẹ̀ wà láàárín ìbọn náà, àgbá kejì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àpótí, tí ihò tirẹ̀ fi díẹ̀ fẹ̀ jù.

"Ọta kékeré la ó fi máa kọ́ṣẹ́, torí kò wọ́n." Ó ń là á yé mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní, èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. "Bí olè bá dé, a ó yọ àgbá yìí, a ó fi alágbára sí i."

"Olè náà ńkọ́? Ṣé pálọ̀ ni yóò jókòó sí títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀ tán? Ṣé kí n gbé omi fún un?"

"Ìwọ obìnrin yìí, o ò mọ ìbọn."

"Mo mọ olè."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yin ìbọn náà lọ́jọ́ náà, kò sì yìn ín lọ́jọ́ mìíràn. Ó ní èyí tí ẹnikẹ́ni kò yìn rí ni àwọn tó ń kó ìbọn jọ ń wá kiri, pàápàá bí àgbá méjèèjì bá pé, tí nọ́ńbà ara wọn sì bá ti ìbọn mu. Báyìí ni ohun tí a rà nítorí iṣẹ́ méjì kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, yóò fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nù ún, yóò sì máa yí i, kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ẹrù ẹlẹ́rù ló ń gbé ní pápákọ̀ òfurufú látàárọ̀ dalẹ́. Èyí nìkan ló ń gbé fún ìgbádùn ara rẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àbúrò rẹ̀ obìnrin wá láti Fordham, ní apá kejì ìlú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí mo wọlé wọn, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà èmi ni ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo ń kúnlẹ̀ kí i, n kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ni mò ń pè é láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó kù tó ń dán lára rẹ̀ báyìí kò ju gíláàsì ojú rẹ̀ lọ.

Ó ní orí-ò-jorí ni a ó fi pín ogún: olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan. Àwọn ẹbí pín kóòtù, wọ́n pín bàtà. Ìbọn wà nínú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rù ọlọ́pàá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí pákó wà lórí tábìlì pẹ̀lú àgbá kejì nínú rẹ̀. Adúmáadán mú àgbá náà, ó wò ó, ó jù ú sínú báàgì. Mo ń wò ó. Ìyàwó kì í dá sí ogún pínpín.

Mo rí àbájáde ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi láìpẹ́. Òfin kò jẹ́ kí n tọ́jú ìbọn náà, torí àṣẹ ti bá ẹni tó ni ín lọ. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá fún mi láti gbé e kúrò nílé kò pọ̀. Mo wá oníṣòwò ìbọn kan tó ní ìwé àṣẹ, ó sì sọ ojú abẹ níkòó: bí àgbá méjèèjì bá pé, òun mọ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Bí kò bá pé, òun kò fẹ́. Kí n gbé e fún ọlọ́pàá, kí wọ́n lọ yọ́ ọ.

Mo rò ó: gbogbo Sátidé ọkùnrin yẹn, kí wọ́n wá yọ́ ọ bí agolo? Mo wọ bọ́ọ̀sì dé ìdíkọ̀ Jamaica, mo wọ ọkọ̀ ojú irin E, mo bọ́ sínú D, mo dé Fordham, mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó wa, dìde. Kí ló dé?"

Mo ti rí àgbá náà kí n tó dìde. Ó wà lórí tábìlì rẹ̀. Bírò ló kì bọ inú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Mo ṣàlàyé. Ó mi orí. "Ogún tí a ti pín kì í padà. Kí ni kí n máa fi rántí ẹ̀gbọ́n mi?"

"Òótọ́ lẹ sọ, Adúmáadán." Mo yọ ìwé ìbọn nínú báàgì mi, mo tẹ̀ síwájú, mo sì ka nọ́ńbà ara àgbá náà sókè, díẹ̀díẹ̀, bí mo ti ń ka àpèkọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

"Kí lò ń kà?"

"Nọ́ńbà ni. Ó bá ti ìwé ọlọ́pàá mu."

N kò purọ́. N kò mọ̀ bóyá ọlọ́pàá bìkítà, kò sì bi mí.

Ó da bírò sílẹ̀ gbàrà lórí tábìlì, ó gbé àgbá náà lé mi lọ́wọ́. Nígbà náà ni mo rí i pé omi ti dé ojú rẹ̀. Ó burú fún mi, torí mo ti ń gbádùn ara mi. Mo mú síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà jáde. Àgbá ni mo fẹ́ fi dì délé. Mo fún un. Ó gbé e sí imú, òróró ìbọn àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rùn.

"O ò fọ̀ ọ́?"

"Rárá o."

"Ọ̀bùn," ó ní, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà.

Nígbà tí mo gbé gbogbo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, ó ti àgbá kejì wọ àyè rẹ̀, ó yí i, kẹ́-kẹ́-kẹ́. Mo wo ìta fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ó wá yọ ọ́, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Màmá, wọ́n ti lo èyí. Nǹkan búlúù wà nínú ihò kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ nù ún."

Ó nù ún, ó sì gbà á.