Ìgbájú Ọwọ́ Ọ̀tún

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbájú kan wà tí mo gbà ní Kaduna tí mo ṣì ń dúpẹ́ rẹ̀ dòní. Bí òórùn sípírítì bá ti ta sí mi nímú báyìí, yàrá ìtọ́jú kékeré kan ní Makera ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, níbi tí mo máa ń gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti Ungwan Romi.

Jẹjẹrẹ ló jẹ́ kí wọ́n gé ọyàn ọ̀tún rẹ̀. Ojú egbò jinná, àmọ́ iṣan abẹ́ apá rẹ̀ ń ta á bí iná. Aṣọ lásán kò gbọdọ̀ kàn án, ọwọ́ náà kò sì lè gòkè dé èjìká. Èmi aláwàdà ẹbí wá la ẹnu mi níbi ìpàdé ẹbí: "Wọ́n ti gé e kúrò, kí ló tún kù níbẹ̀ tó ń dùn yín?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní mọ́tò. Gíláàsì iwájú mọ́tò ló máa ń bá sọ̀rọ̀: "Kí ẹni tó ń wakọ̀ yìí rọra, kòtò ń bẹ níwájú." Èmi náà á ní, "Ẹni tó ń wakọ̀ ti gbọ́."

Obìnrin ará Kogi kan ló ń tọ́jú iṣan ní yàrá Makera yẹn. "Sannu, Màmá," ló fi kí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Mi ò ṣèlérí o. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ran àwọn mìíràn." Ó gbé ẹ̀rọ kan tí orí rẹ̀ dà bí maíkì, tó ń ju ìgbì agbára sínú ẹran ara láti tú iṣan tó dì: tá-tá-tá-tá.

"Ṣé ìṣó lẹ fẹ́ kàn ni?" ni mo béèrè.

 Obìnrin náà kàn gbé e lé mi lápá. Mo fò sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ògiri. "Kí ló wà níbẹ̀ tó ń dùn ún?"

Nígbà tó kan òun, ó fi eyín di etí ìró rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀, kò ké. 

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé ìtọ́jú ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mu kúnú. Ẹ̀bẹ̀ ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹnu burúkú yìí sọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì ń díbọ́n pé ó ń dùn yín?"

Ó dìde. Ọwọ́ ọ̀tún gbéra, ó kọjá èjìká, ó balẹ̀ gbòà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Kúnú dànù. Àwa méjèèjì wá dúró, a ń wo ọwọ́ náà.

"Ó ṣì ń dùn mí," ló wí. Èmi ló wí i fún, kì í ṣe ògiri.

"Mo mọ̀," ni mo fèsì. Ẹ̀bẹ̀ tí mo gbé wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.