Bí Moudachirou Ṣe Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ Sílé Àna

Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Manigri lọ sí Bassila láàárọ̀, kí oòrùn tó ga, ó ṣòro kí ẹ má pàdé Moudachirou. Bí kò bá fi ẹsẹ̀ sáré, orí kẹ̀kẹ́ ni ẹ óò ti rí i, tí ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí lẹ́nu táyà iwájú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó ti ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti bá a sáré rí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n bí ó ṣe parí. Ọkùnrin náà yááyì. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọn kò bí eré sísá mọ́ ọn. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, láti Cotonou dé Malanville, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ́ débi pé ìyàwó rẹ̀, Roukayatou, máa ń sọ pé ìdí ọkọ òun ti gba ìrísí àga. Nígbà tó fi ọkọ̀ sílẹ̀, tó padà sí oko iṣu àti kajú rẹ̀ ní Manigri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, èémí rẹ̀ kì í tó, kò lè kọ ebè mélòó kan kó má wá ibi jókòó sí. Dókítà kan ní Bassila wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, ó mi orí, ó ní kó máa rìn. Moudachirou kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan lábọ̀. Ó rìn títí ìrìn fi sú u, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó sáré la àárín ìlú kọjá, díẹ̀ ló kù kó da ìlú rú. Ní Manigri, bí wọ́n bá rí àgbàlagbà tó ń sáré láàárọ̀, iná ti ràn lóko nìyẹn, tàbí ẹnìkan ti kú. Obìnrin kan gbé garawa omi, àwọn ọkùnrin méjì fa àdá yọ, wọ́n tẹ̀ lé e dé abẹ́ àwọn igi kajú tó wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n ń bi í pé níbo ni. Ó ní kò sí níbì kankan, òun kàn ń sáré ni. Ọ̀kan nínú àwọn aládàá yẹn yan odì sí i fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ó fi oúnjẹ sílẹ̀ kó tó sáré tẹ̀ lé e.

Nígbà tó yá, eré rẹ̀ mọ́ ìlú lára. Kẹ̀kẹ́ ni kò mọ́ wọn lára. Ó ti ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan láti Cotonou, èyí tí irin ìdarí rẹ̀ ká sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò. Lójú àwọn ará ìlú, ọmọ iléèwé ló ń gun kẹ̀kẹ́, tàbí ẹni tí kò rí já jẹ. Àgbàlagbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti tójú bọ́, alùpùpù ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ Moudachirou náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti dáwó jọ ra alùpùpù tuntun fún un. Ó gbàdúrà fún wọn títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ bo alùpùpù náà kí eruku má bà á, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bó ti ń fi kẹ̀kẹ́ náà ti ògiri mọ́ṣáláṣí, obìnrin kan fi másà lé e lọ́wọ́ bíi sàráà, ó ní Ọlọ́run kò ní gbàgbé rẹ̀. Moudachirou kò já a kulẹ̀. Ó ṣe àmín, ó jókòó sábẹ́ igi, ó jẹ másà rẹ̀ tán, nítorí pé kẹ̀kẹ́ gígùn a máa jẹ́ kí ebi pa èèyàn.

Ohun tí kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ni bí ọ̀nà yẹn ṣe rí lára rẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi wakọ̀ gba ibẹ̀, kò mọ̀ pé ó ní òkè. Ọkọ̀ ló ń gun òkè, òun jókòó. Ìsinsìnyí, itan rẹ̀ mọ gbogbo ibi tí ilẹ̀ gbé ga sókè, awọ ara rẹ̀ sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà jáde láti ibi odò. Bí òdòdó kajú bá tú, ó máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó rí igi. Àárọ̀ kan wà tó sọ fún Roukayatou pé òun kò mọ̀ pé ayé ṣì ní nǹkan tuntun fún òun. Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ wẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí Sufyan, àbíkẹ́yìn rẹ̀, fi rí ìyàwó. Télọ̀ ni Sufyan, ní Bassila ló ti ń ránṣọ. Wassilatou ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ Àlájì Habibullah ti Pénéssoulou. Àwọn àgbà ìdílé ti gbé obì lọ, àwọn ará ibẹ̀ sì ti gbà á, ó ku ìwádìí. Kò sí ilé gidi tó máa fa ọmọ rẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́ láì wádìí, nítorí náà àbúrò Àlájì wá sí Manigri bí ẹni tó ń wá kajú rà, ó dúró létí títì, ó ń wo ilé, ó ń wo èèyàn.

Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó rí. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ Moudachirou ti já bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń tì í bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, ṣòkòtò kúkúrú tí wọ́n fi àjákù aṣọ oríṣiríṣi rán ló wọ̀. Àlejò náà béèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́ lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta iṣu. Obìnrin náà ní Bàbá Sufyan ni, bàbá télọ̀ tó wà ní Bassila, pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, yálà òjò ń rọ̀ ni o, tàbí ọyẹ́ ń mú. Ó rò pé òun ń yìn ín ni.

Kò pẹ́ tí obì fi padà wá. Àwọn tó gbé e wá kò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn sọ pé Àlájì Habibullah ní ọmọ tó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kó máa fi kẹ̀kẹ́ jìyà lọ́jọ́ ogbó, òun kò mọ ohun tó máa fi ọmọ òun ṣe. Sufyan wá sí Manigri ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò wọlé. Ó dúró ti kẹ̀kẹ́ náà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka gbá agogo rẹ̀ láìjẹ́ kó dún.

“Bàbá, mi ò ní kí ẹ jù ú nù,” ló sọ. “Ẹ kàn bá mi gbé e pamọ́ díẹ̀.”

Moudachirou gbé e pamọ́. Ó so ó mọ́ igi àjà nínú yàrá iṣu, ó ṣí aṣọ lórí alùpùpù, ó sì ń gùn ún káàkiri kí gbogbo èèyàn rí i. Ó kúrò lórí eré sísá pẹ̀lú. Ó di ẹni tí oorun ń kùn láàárọ̀, tó ń bá ewúrẹ́ jà. Roukayatou, tó ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ látijọ́, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Àánú rẹ̀ ń ṣe é gan-an. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àgbà tún lọ sí Pénéssoulou láti lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní baba ti ń gun alùpùpù báyìí, ojúlówó ni, tuntun ni. Àwọn ará ibẹ̀ dá wọn lóhùn pé àwọn gbọ́, àwọn sì mọ̀ pé yíyá ni wọ́n yá a.

Ohun tó dun Moudachirou jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ yàrá iṣu, ó tú kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́ táyà rẹ̀. Roukayatou bi í níbo, ó ní Pénéssoulou. Obìnrin náà ní wọn kò gbọ́ ọ rí kí baba ọkọ fúnra rẹ̀ lọ tọrọ ìyàwó, ká má tíì sọ pé kó gun kẹ̀kẹ́ lọ, pé alárinà ni wọ́n ń rán. Ó ní ó kéré tán kó gun alùpùpù.

“Bí mo bá gùn ún lọ, wọ́n á ní a yá a ni,” ni Moudachirou dá a lóhùn. “Ẹsẹ̀ mi, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé mo yá a.”

Roukayatou ká agbádá funfun ọkọ rẹ̀ dáadáa, ó fi ọ̀rá wé e, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sì bu omi sínú ike méjì fún un.

Ọyẹ́ bo ọ̀nà débi pé kò rí ju igi mélòó kan lọ níwájú. Ó la Bassila kọjá kí Sufyan tó ṣí ìsọ̀ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ pé ọmọ náà kò rí òun. Lẹ́yìn Bassila ni oòrùn jáde. Ọ̀nà náà ga, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún ga. Ó ti pẹ́ tó ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ara sì mọ̀. Nígbà kan iṣan dì í nítan, ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sétí títì, ó ń fi ọwọ́ pa á, ó ń rò ó pé òun lè ti ba ìgbéyàwó ọmọ òun jẹ́ nítorí ohun tí òun fẹ́ràn. Ẹ̀rù bà á. Awakọ̀ kan dúró, ó ní kí baba gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀ o. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ náà, ó dìde, ó tún gùn ún.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Pénéssoulou, ó yà sẹ́yìn igi, ó fi omi tó kù bọ́jú, ó wọ agbádá. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ ni àwọn ará ilé Àlájì fi rí i. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì wà nínú ọgbà náà. Àlájì Habibullah jókòó nínú àga ńlá kan lábẹ́ òrùlé, ó sanra, ìrọ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀, ìrọ̀rí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, òmíràn mú kẹ́tùlù dání. Àbúrò rẹ̀ tó wá ṣe ìwádìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó rí kẹ̀kẹ́ náà, ó sì fi ẹnu sí etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Wọ́n kí ara wọn. Wọ́n bu omi fún àlejò, ó mu ún tán, wọ́n tún bu òmíràn. Lẹ́yìn èyí Àlájì fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé àwọn ti dá obì padà, pé kò sí ìjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn rí ní Manigri ni ojú àwọn ṣì ń rí nínú ọgbà yìí.

“Àlájì, alùpùpù wà nílé, àwọn ọmọ mi ló rà á,” ni Moudachirou wí. “Kò sí ẹni tó ní kí n máa gun kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ṣòkòtò tí àbúrò yín rí lára mi, Sufyan ló rán an. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ nítorí mi, mo mọ̀ pé ojú ń tì í. Síbẹ̀ bí ọ̀kan bá ya, á rán òmíràn fún mi. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìtọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ìtọ́jú jẹ́ fún mi.”

Àlájì béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, Moudachirou sọ ọ́, ó sì hàn sí gbogbo wọn pé àlejò yìí dàgbà ju Àlájì lọ. Àlájì tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ní kí ó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí òun wo ẹsẹ̀ yẹn. Moudachirou ká agbádá sókè, Àlájì sì fi ọwọ́ tẹ iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó le koko. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Èmi, wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún mi,” ló sọ, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. “Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Bí mo bá ti fẹ́ dìde, wọ́n á bi mí pé kí ni mò ń wá, kí àwọn bá mi mú un wá. Mi ò wá nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ dìde ni.”

Àwọn ọmọ rẹ̀ wolẹ̀. Nígbà tó ṣe, Moudachirou tọrọ àyè láti máa lọ, nítorí pé ọ̀nà jìn. Àkọ́bí Àlájì dìde láti sìn ín sọ́nà, bó ti máa ń bá bàbá rẹ̀ sin gbogbo àlejò. Àlájì ní kó jókòó. Ó di ọwọ́ àga mú, ó sì gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ sáré wá láti dì í mú, Àlájì ní kó padà. Ọmọ kan ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá, Àlájì ní kó mú un padà wọlé.

Àlájì fi ọwọ́ lé ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà. Moudachirou di irin ìdarí mú, ó ń tì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àwọn méjèèjì sì jáde lẹ́nu géètì. Èémí Àlájì ń dún. Wassilatou ti ilé ìdáná jáde, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ilé wá sẹ́nu géètì, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé wọn. Igi máńgòrò kan wà létí títì, ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.

“Ẹ sọ fún Sufyan kó máa bọ̀ wá gbé ìyàwó rẹ̀,” ni Àlájì wí, ó ń nu òógùn. “Ẹ̀yin náà, ẹ tún wá. Mo fẹ́ ká rìn dé mọ́ṣáláṣí.”

Moudachirou ṣe àmín, ó dúpẹ́, ó mi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ gùn ún. Kò gùn ún. Ó dúró lábẹ́ igi náà, ó ń wo Habibullah bó ṣe ń dá rìn padà lọ sílé.