Ẹ̀rọ Tí Kò Rí Ṣúgà

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń tì mí lójú. Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe ní Independence Layout, ìyá mi sì wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Enugu láti bá wa tọ́jú ọmọ. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí ògì tí kò dùn sú wọn, wọ́n ra ìgò omi adùn kan ní New Market. Ẹni tó tà á búra pé ewé ni wọ́n fi ṣe é, pé kò ní ṣúgà rárá. Ìyá mi kò gbà á gbọ́, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀rọ wa máa ń ya ohun tó wà nínú omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ojú méjì ló sì ní. Ojú àkọ́kọ́ ń fi iná wò ó. Òun la fi ń yẹ oògùn wò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iná yẹn kì í rí ṣúgà. Ojú kejì máa ń fi gáàsì fẹ́ omi náà gbẹ, ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù, á rí i. Èmi gan-an ni mo máa ń fi ìgbéraga kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìyàtọ̀ wọn.

Lọ́jọ́ náà, mo to ti ìyá mi mọ́ àwọn oògùn tó wà nílẹ̀, mo sì fi ojú àkọ́kọ́ wò ó bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ìlà tí ẹ̀rọ fi ń fi ohun tó rí hàn tẹ́jú pẹrẹsẹ. Inú mi dùn, mo sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tí mo fi ìka tọ́ wò, tó dùn yùngbà, mo ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá mi ni tèmi kó o bá.

Wọ́n ń dà á sínú ògì láràárọ̀, wọ́n sì ń ròyìn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òùngbẹ fi ń gbẹ wọ́n lemọ́lemọ́, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, ni dókítà bá dá wọn dúró sí ọsibítù. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ojú àkọ́kọ́ kì í rí ṣúgà. Mo sáré gbé ìgò náà padà sí láàbù, mo fi ojú kejì wò ó. Ìlà náà ga fíofío. Ṣúgà ni látòkèdélẹ̀.

Mo padà sí ọsibítù láti jẹ́wọ́. Dókítà ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu ni ìyá mi ṣíwájú mi.

Wọ́n ní, “Dòdò ni. Mo jẹ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ọmọ mi ti ṣe tirẹ̀, èmi ni mi ò lè kó ara mi níjàánu.” Wọ́n yíjú sí mi. “Dákun, má bínú sí mi.”

Dókítà ti ń kọ dòdò sínú fáìlì. Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Òtítọ́ náà wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Mo ní, “Kò burú, Màmá. Mo ti dárí jì yín.”