Koríko Ojú Irin

“Ó ń dún?”

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lórí irin tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà. Oòrùn ti mú un gbóná, òórùn irin tó dógùn-ún àti ti koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ń wọ̀ mí nímú. Ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, dúró tì mí pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Kò sí ohun tó ń dún àfi ẹyẹ.

“Ó ń dún, Ìyá àgbà.”

Irọ́ ni. Irọ́ gbuu!

Màmá mi ti bá ọkọ̀ yẹn lọ wá iṣẹ́ sí Kútọnú kí n tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ní òun á bá a padà. Ọkọ̀ ò wá mọ́, òun náà ò wá. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ ọjà ni Ìyá àgbà ń ro ojú irin tó gba ẹ̀yìnkùlé wa ní Pobẹ̀. Àwọn ará àdúgbò á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ ìjọba o!” Á ní: “Ẹni tó ń retí àlejò kì í jẹ́ kí koríko bo ọ̀nà.” Etí rẹ̀ ti di díẹ̀, etí tèmi ló fi ń gbọ́. Ó ti sú mi kí n máa sọ pé kò dún, kí ojú rẹ̀ máa fà ro.

Ó sáré wẹ̀, ó ró aṣọ tó dára jù, ó bu ẹ̀wà elépo tí màmá mi fẹ́ràn sínú abọ́. A lọ jókòó ní gáà, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń dúró. Ewúrẹ́ nìkan la bá níbẹ̀.

“Ó ti kúrò ní Àjàṣẹ́ báyìí,” ló wí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀: “Á ti dé Sakété. Wọ́n ń já ẹrù ni.”

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, mo bú sẹ́kún.

“Ìyá àgbà, ẹ má bínú. Kò dún. Mo purọ́ ni.”

Kò nà mí. Ìbá kúkú nà mí! Ó ṣí abọ́ ẹ̀wà, ó tì í sọ́dọ̀ mi. “Ó ti tutù. Jẹ ẹ́.”

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, kò fọwọ́ kan ọkọ́. Èmi ni mo gbé e lọ bá a.

“Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ ro ojú irin.”

“Fún ta ni?” ló bi mí.

Òjò ọdún yẹn ò tíì dá tó fi kú. Màmá mi wá sin ín. Táksí ló gbé e wá, ọ̀nà ọ̀dà ló gbà. Ó dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń wá irin. Koríko ti bò ó.

Ẹyin lohùn lóòótọ́. Èmi náà ti di abiyamọ, Sakété ni mò ń gbé, irin kan náà ló gba ẹ̀bá ilé mi. Mo máa ń ro ó. Níjọ́sí, ọmọ mi bi mí pé ọkọ̀ wo ló ń bọ̀. Mo ní kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀.

“Fún ta ni ẹ wá ń ro ó, Màmá?”

Mo fẹ́ sọ pé ìyá mi àgbà ni. Mo kàn ń ro ó lọ ni.