Ẹni Tí Yóò Dúró Láàárín Ìlà

Kòkúmọ́ Bàrúwà ga ju ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Ẹ̀gùá lọ, ó sì fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà wọlé. Mẹ̀dínátù ìyá rẹ̀, tó ń ra àgbàdo ní Ẹ̀gùá tó ń lọ tà á ní òdì kejì bodè, kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà. Ó ní nígbà tí òun sọ ọmọ náà ní Kòkúmọ́, ohun tí òun bẹ Ọlọ́run ni pé kó má kú mọ́. Òun kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dí ojú ọ̀nà.

Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni. Ìlaròó ló ń gbé, ó ń ṣe lódà ní ìsọ̀ sìmẹ́ńtì kan níbẹ̀. Tirela á dé láti Ìbeṣè pẹ̀lú ẹgbẹ̀ta àpò, òun àti àwọn lódà yòókù á sì já gbogbo rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Àpò méjì ló máa ń rù lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kì í ru ọ̀kan bí ọmọ èèyàn, ó ní ọ̀kan kì í jẹ́ kí òun rìn dọ́gba.

Oṣù Kejì ọdún yìí ni Kóòṣì Gideon gbé fèrè kọ́rùn wọ Ìlaròó. Ọmọ Ayétòrò ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá nílé ìwé, ṣùgbọ́n ó ti gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ní Èkó fún ọdún mẹ́rin kí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ tó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Abẹ́òkúta ló rán an. Wọ́n ní kó mú ẹnì kan ṣoṣo wá láti ilẹ̀ Yewa, ẹni tí yóò dúró láàárín gbùngbùn ìlà àwọn tó ń dènà. Oṣù mẹ́fà lẹni náà máa lò níbẹ̀, àwọn olùkọ́ láti Amẹ́ríkà á sì wá wò ó.

Bọ́ọ̀lù yìí, ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín jẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a jù. Ó rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ. Àwọn kan fẹ́ gbé e kọjá, àwọn kan ní kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù gba ẹnu bodè Ẹ̀gùá rí ti mọ òfin rẹ̀ dé ìdajì.

Ogójì ọkùnrin ló wá sí pápá ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Gbogbo wọn ló gbà pé ẹni tó bá sanra jù ni wọ́n máa mú. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Ọjà-Ọ̀dàn ti jẹ ẹ̀bà abọ́ mẹ́ta kó tó kúrò nílé kó lè wúwo dáadáa. Òun ló kọ́kọ́ padà sílé, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ gbọ́," ni Kóòṣì Gideon wí. "Ìwúwo dára. Ṣùgbọ́n àpáta wúwo jù yín lọ, mi ò sì pe àpáta. Ìbàdí àti ẹsẹ̀ ni mò ń wò. Nínú ìjà yìí, ẹni tó bá rẹlẹ̀ jù ló máa gbé ẹnì kejì. Ẹ má fetí sí ariwo àwọn alátakò, ẹ̀tàn ni. Bọ́ọ̀lù ni kí ẹ wò. Kó tó mira tán, kí ọwọ́ yín ti wà láyà ẹni tó wà níwájú yín. Àwọn méjì á wá bá ẹ lẹ́ẹ̀kan náà, o ò sì gbọdọ̀ rẹ̀yìn. Bí o bá ti dá àwọn méjì yẹn dúró, ẹlòmíì á ráyè mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, òun ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún."

"Èmi ńkọ́, sà?" Kòkúmọ́ bèèrè.

"Ìwọ á wà nílẹ̀, iyanrìn lẹ́nu."

"Ta ló máa wá mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́?"

"Àwọn méjì tó wà lórí ẹ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan wo bàtà wọn. Kòkúmọ́ ní tirẹ̀ rí i pé iṣẹ́ tí òun mọ̀ ni. Kò sí onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó mọ orúkọ ẹni tó já sìmẹ́ńtì rẹ̀.

Nígbà tó fi di agogo mẹ́wàá, ó ku òun àti Husain, jórinjórin kan láti Ayétòrò tí apá rẹ̀ dà bí itan ẹlòmíì. Ìdánwò tó kù ni ìfigagbága lẹ́ẹ̀mẹ́ta: alátakò kan níwájú, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀. Husain ṣe tirẹ̀, ó ti alátakò rẹ̀ sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kan Kòkúmọ́. Kóòṣì wò yíká, kò rí ẹni tó tó o, ló bá nawọ́ sí ọkùnrin kan tó wá wòran. "Ẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dúró níwájú rẹ̀."

Ọkùnrin náà ni Nàfíù, olórí àwọn lódà. Òun ló gba Kòkúmọ́ sílé nígbà tó dé láti Ẹ̀gùá ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ru àpò tí ọrùn ò fi ní kán.

Kóòṣì ní kí Kòkúmọ́ tẹ orúnkún, kó fi ọwọ́ kan kanlẹ̀. Ó tẹ orúnkún. Ó fi ọwọ́ kanlẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni Nàfíù, tó máa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, dúró sí. Ẹ̀kọ́ ilé ọdún mọ́kànlélógún kò dúró gbọ́ fèrè: ọwọ́ kejì tẹ̀ lé e, àyà tẹ̀ lé ọwọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Káàárọ̀, àbúrò mi. Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa."

Bọ́ọ̀lù ti gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá tipẹ́.

Nígbà kejì kò dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbá Nàfíù mú bí ẹni gbé ẹyin. Nàfíù tì í sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Kóòṣì kọ nǹkan sínú ìwé, Husain sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹyín.

"Ṣé o fẹ́ ibi tí mò ń wá èèyàn sí yìí, àbí o ò fẹ́?" ni Kóòṣì bi Kòkúmọ́.

"Mo fẹ́ ẹ gan-an, sà. Ẹ fún mi ní Husain, ẹ wò ó."

"Ẹni tó ń yan ẹni tó máa tì kọ́ ni mò ń wá. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù. Ẹ lọ mumi."

Nàfíù mú píọ́wọ́tà méjì wá, ó ju ọ̀kan sí i.

"O fẹ́ dójú tì mí."

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi ni kò gbà."

"Ní ìsọ̀, bí àpò bá wà lórí ẹ, tí o bá mi lójú ọ̀nà, ṣé o máa ń dọ̀bálẹ̀?"

"Rárá o. Ẹni tó rẹrù kì í dọ̀bálẹ̀."

"Kí lo máa ń sọ?"

"Àgò."

"Lọ́jọ́ tí mi ò yà ńkọ́?"

Kòkúmọ́ fa omi mu díẹ̀. "Ẹ ṣubú."

"Ta ni mo dá lẹ́bi?"

"Ara yín ni."

"Kò sí àgbà tó ju ẹrù lọ. Ẹni tí wọ́n tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò yà, òun ló rí ara rẹ̀ fín." Ó tu omi tó kù lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹnu iṣẹ́ lo wà, Kòkúmọ́."

Wọ́n padà sójú ìlà. Kòkúmọ́ fi ọwọ́ kan kanlẹ̀, ó fi ìkejì sí orí itan níbi tó yẹ kó wà.

"Àgò, Ẹ̀gbọ́n," ó rọra wí.

Bọ́ọ̀lù mira. Ọwọ́ Kòkúmọ́ ti wà láyà Nàfíù kí Nàfíù tó mí, ìbàdí rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó fẹ́ gbé àpò kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún, ẹ̀yìn Nàfíù bá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, àwọn méjèèjì jùmọ̀ lulẹ̀.

Kóòṣì fọn fèrè. Ó ní kí Nàfíù dìde, ó ní kí Husain wá dúró tì í. Méjì sí ọ̀kan.

"Àgò o, ẹ̀yin méjèèjì!" Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo pápá ló gbọ́ ọ.

Wọ́n kọlù ú. Kò lọ síwájú. Kò sì lọ sẹ́yìn. Wọ́n tì, wọ́n mí, wọ́n tún tì, títí fèrè fi dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbi tó gbé e sí.

"Kóòṣì, èyí ò bófin mu!" ni Husain pariwo. "Ó ń ké àgò! Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbá a ní Amẹ́ríkà nìyẹn?"

"O gbọ́ ọ tó ń ké e?"

"Mo gbọ́ ọ ketekete!"

"Kí ló dé tí o ò yà?"

Husain ronú sí i. Kóòṣì ti kọ orúkọ sílẹ̀ kó tó ronú tán, ó sì yí ìwé náà sí Kòkúmọ́ kó lè rí i: Kòkúmọ́ Bàrúwà, Ẹ̀gùá, àárín ìlà.

"Ọjọ́ Ajé lò ń lọ sí Abẹ́òkúta. Agogo méje, má pẹ́."

Kòkúmọ́ wo ìwé náà pẹ́. "Tirela méjì ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, sà."

Nàfíù ń gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò. "Tirela á dé, a óò já a," ó ní. "Lọ di ẹrù ẹ."