Wọ́n Ní Kí N Rọra Máa Bọ̀ Láti Odò

Ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ wà kẹ́yìn, ìbọ̀sẹ̀ ni à ń wá. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni, èyí tí mo máa ń wọ̀ sínú bàtà rọ́bà bí mo bá ń lọ sí odò, ẹsẹ̀ kan péré ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ nílé wa ní Allen, ìlú kan lẹ́bàá Dallas ní Texas, ó ń tú aṣọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Dádì, ẹ lè rí ẹran lábẹ́ òkúta nísàlẹ̀ odò, ẹ ò lè rí ìbọ̀sẹ̀ nínú ilé ara yín!"

"Ẹran yẹn kì í kúrò níbi tó wà," mo ní. "Ìbọ̀sẹ̀ ló ń rìn nínú ilé yìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Inú apá ẹ̀wù rẹ̀ kan ló ti rí i, ó jù ú lù mí láyà. Ó ní kí n tètè máa lọ kí oòrùn tó mú. Mo lọ.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹran tó jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ní Dallas rò pé ẹja ni mo ń lọ pa. Sàlámáńdà ni, irú èyí tó tóbi, tí kì í jáde kúrò nínú omi. Ó jọ alángbá tí ẹnì kan tẹ̀ mọ́lẹ̀: orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ bíńtín, awọ ìhà rẹ̀ ká jọ bí aṣọ tí a kò lọ̀. Ó lè gùn láti ìgúnpá àgbàlagbà dé orí ìka rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Awọ ara ló fi ń mí, ìdí nìyẹn tí kò fi lè gbé inú omi tó gbóná tàbí tó dọ̀tí. Odò Texas kò gbà á. Àfi kí a wakọ̀ gba Oklahoma kọjá, lọ sí àwọn odò àárín òkè ní Missouri, níbi tí omi ti ń sun láti inú àpáta, tí ó sì máa ń tutù rinrin nígbà tí ooru bá mú jù lọ lọ́dún.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kà ní yunifásítì nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Amẹ́ríkà, láàbù ni mo ti ṣiṣẹ́, ní ìlú Farmers Branch, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn kan ń wá ẹni tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti bá wọn wá ẹran yìí, kí wọ́n lè mọ iye tó ṣẹ́ kù, mo forúkọ sílẹ̀. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tẹ̀ lé mi nítorí kò fọkàn tán èmi àti omi. "Ọmọ Yorùbá wo," ó máa ń bi mí lójú ọ̀nà, "ọmọ Yorùbá wo ló ń wakọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lọ wá ẹran tí kò ní sè?" Síbẹ̀, ọdọọdún ló ń bá mi lọ.

Èèyàn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnì kan á fi ọ̀pá irin gbé etí òkúta sókè díẹ̀. Ẹnì kejì á dojú bolẹ̀ nínú omi, á nawọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó nawọ́ kò lè rí ẹni tó di irin mú. Bí irin bá yẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti fọ́. Ìyàwó mi ló máa ń di irin mú fún mi. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò ronú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé ó lè yẹ̀.

Jẹjẹrẹ ti ṣe é rí. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé dókítà ní ó ti tán lára òun. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ó ní orúnkún ló ń dun òun, òun kò ní lè dúró nínú omi, kí n máa dá lọ. Mo gbà á gbọ́.

Olórí wa lódò, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ní àṣẹ ìjọba láti fọwọ́ kan ẹran náà, ló bá mi di irin mú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a kan òkúta kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo nawọ́ sínú òkùnkùn abẹ́ rẹ̀. Omi náà tutù débi pé ìka mi kò mọ ohun tó ń kàn mọ́. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan tó rọ̀ yí padà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Akọ ni, ó ti dàgbà, àpá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A wọ̀n ọ́n, a yẹ ara rẹ̀ wò, a sì dá a padà sẹ́nu ihò rẹ̀. Òkúta náà gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà gẹ́lẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹran náà lè ṣí kúrò. Bí a ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ro bí n ó ṣe ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi.

Fóònù kì í ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí a gòkè lọ síbi mọ́tò lọ́sàn-án ni tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọbìnrin wa ni. Dallas ni a bí i sí. Láti kékeré, bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní:

"Ẹ káàsán, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé. Ó rẹ Mọ́mì díẹ̀. Kò sí nǹkan. Ẹ rọra máa wakọ̀ o."

"Háà! Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá tó já gaara báyìí?"

"Mo gbọ́ Yorùbá, Dádì."

"Ó dùn létí mi. Gbé fóònù fún Mọ́mì."

"Wọ́n ń sùn."

Inú mi dùn. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ jì títí di òní nìyẹn, pé wọ́n jẹ́ kí inú mi dùn. Mo rọra wakọ̀ bí wọ́n ṣe ní. Mo ra gáàsì, mo jókòó jẹun ní Oklahoma, mo ra oyin fún ìyàwó mi lẹ́bàá títì.

Mọ́tò kún iwájú ilé wa nígbà tí mo dé. Àgbà ọkùnrin kan nínú ìjọ wa gba báàgì lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó mi dà?"

"Ẹ jókòó ná, sà. Ẹ kọ́kọ́ mu omi."

Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo ti rí i tí wọ́n ń gbé irú omi bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. A kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà gbọ́. A máa ń dúró kí ó dé, kí èèyàn pé yí i ká. Àṣà wa ni, mo sì mọ̀ ọ́n. Òwúrọ̀ ni ìyàwó mi ti kú. Nígbà tí ọmọ mi ń sọ fún mi pé wọ́n ń sùn, ó ti kú.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tó kọ́ ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn. Olórí àwọn obìnrin ìjọ ló dáhùn. "Èmi ni, sà. Ẹ má bínú. Tí a bá jẹ́ kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, òótọ́ ló máa sọ."

Òun náà ló sọ ìyókù. Láti ìgbà òtútù ni àìsàn náà ti padà. Pásítọ̀ mọ̀. Àwọn obìnrin tó ń bá a gbààwẹ̀ mọ̀. Ọmọ mi mọ̀. Gbogbo wọn ń kí mi lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń bi mí nípa odò.

"Mọ́mì fúnra wọn ló ní ká má sọ fún yín, sà. Wọ́n ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní lọ sí odò mọ́, odò yẹn nìkan sì ni ibi tí inú yín ti máa ń dùn."

"Ṣé inú mi kì í dùn nínú ilé yìí ni?" mo bi í.

Wọ́n ní ìfẹ́ ni. N kò bá wọn jiyàn. Ìdágbére ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, omi ni wọ́n fi dípò rẹ̀.

A sin ín. Ọmọ mi kó padà wá sílé. Àwọn obìnrin ìjọ ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń fọ aṣọ mi, wọ́n ń gbé fóònù mi kí àwọn èèyàn má baà yọ mí lẹ́nu. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì, ní Yorùbá tó já gaara: "Mọ́mì wà níbi iṣẹ́, Màmá àgbà. Wọ́n máa pè yín." Ìyá ìyàwó mi ni, ní Ọ̀yọ́. Wọn kò tíì sọ fún un. Àwọn ẹbí ń dúró kí èèyàn pé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo ní n kò ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọmọ mi ti jáde, mo mú fóònù, mo pe Ọ̀yọ́ fúnra mi. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Oòrùn ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màámi. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Ìyàwó àbúrò mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ká aṣọ. Kí ló dé?"

"Ẹ pè é wọlé, mà. Kí ó jókòó tì yín."

Mo gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀.

"Ó ti jókòó. Wí i."

"Màámi, ọmọ yín ti kú. Jẹjẹrẹ ló pa á. Wọn kò sọ fún mi, wọn kò sì sọ fún yín."

N kò sọ pé ó ti sùn. N kò sọ pé ó ti lọ sinmi. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ figbe ta, ṣùgbọ́n òun kò ké. Ó bi mí léèrè.

"Níbo lo wà nígbà tó kú?"

"Inú odò ni mo wà, mà. Mò ń wá ẹran."

"Ẹran tí ẹ kì í sè yẹn?"

"Òun ni, mà."

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Màámi."

Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún. N kò pa fóònù. Mo dúró tì í níbẹ̀, títí òun fúnra rẹ̀ fi ní kí n máa lọ.