Tùràrí Tí Mo Sun De Àlejò

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru ṣì bo orí àpáta Ọ̀kà, atẹ́gùn kò fẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò mì. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni òórùn ìgbẹ́ adìẹ máa ń wọlé tọ̀ mí jù.

Àbúrò ọkọ mi ló ni àwọn adìẹ náà. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í gbé ẹyin wá fún mi. Ó wá fẹ́ kọ́ ilé adìẹ kejì, sí ẹ̀yìn ilé ìdáná mi. Àwọn ọmọ mi ní bó bá kọ́ ọ síbẹ̀, àwọn yóò kó mi lọ sí Ìkàrẹ́. Èmi kò fẹ́ lọ. Inú ilé yìí ni mo bí gbogbo wọn sí, sàréè bàbá wọn sì nìyí níwájú ilé. N kò sì fẹ́ bá ọkọ mi kékeré jà nítorí adìẹ.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní yunifásítì Àkùngbá, tó ń kọ́ nípa òórùn ọgbà adìẹ. Ọmọ náà ní òun á kọ́kọ́ fi imú òun gbọ́ bó ṣe ń rùn tó nílé mi, òun á wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kọ̀ǹpútà òun á sì bá òun ya ọ̀nà tí òórùn máa gbà bí wọ́n bá kọ́ ilé kejì.

Àlejò ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ni mo ṣe? Mo gbálẹ̀. Mo kó ẹyin iná sínú àwo, mo bu tùràrí lé e, mo gbé e yípo ilé títí dé ilé ìdáná. Ṣé àlejò yóò wá bá ilé tó ń rùn ni?

Ọmọ náà wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fa atẹ́gùn símú. Ó tún fà á. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, tùràrí yín mà dùn o! Òun nìkan ni mò ń gbọ́."

Ọkọ mi kékeré pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó wa! Ẹ ti sọ àwọn adìẹ mi di ìyàwó tuntun!"

"Ẹ dákẹ́, ọkọ mi. Ẹ̀yin tí imú yín ti kú sínú ìgbẹ́ adìẹ."

Ọmọ náà ní, "Màmá, òórùn yẹn ni mo wá bá, ẹ má lé e fún mi. Tí mo bá kọ ọ́ pé ilé yín kò rùn, kọ̀ǹpútà á ní kí wọ́n kọ́ ilé adìẹ kejì sẹ́yìn ilé ìdáná yín náà ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọkọ mi kékeré náà wolẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "tí ẹ bá lọ sí Ìkàrẹ́, ta ni n ó máa gbé ẹyin fún?"

A bẹ ọmọ náà pé kó padà wá lọ́la.

Ìdí àpáta, lódìkejì ọ̀nà, ni ilé adìẹ kejì wà lónìí. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ibẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Lọ́jọ́ kejì, mo kírun àsùbá tán, n kò fi lọ́fínńdà pa ara, n kò dáná. Mo ti àwo tùràrí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí gbogbo fèrèsé ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu, mo sì jókòó sínú òórùn náà, mò ń retí ọmọ wa.